Ohun tí ìwé kò béèrè: fóònù, àgbo àti ìtọ́jú odidi ènìyàn ní Bantẹ̀ àti Savalú

Ní agbègbè ìlera Savalú àti Bantẹ̀, ní ẹkùn Collines, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kì í sábà kan ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ó lè lọ sí ilé ìtọ́jú ìjọba ní òwúrọ̀, kí ó gba oògùn ibà. Ó lè yà sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gba àgbo. Ní ọjọ́ kejì, ó lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí mọ́ṣáláṣí tàbí sí ọ̀dọ̀ babaláwo, kí wọ́n bá a gbàdúrà tàbí kí wọ́n bá a wádìí. Àwọn ará Ìṣà ní Bantẹ̀, àwọn Maxi ní Savalú, àwọn Ifẹ̀ ní Tchetti, gbogbo wọn ni wọ́n mọ ọ̀nà mẹ́ta yìí. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé ẹni tí ó wà ní ẹnu ilẹ̀kùn kìíní kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún aláìsàn ní ẹnu ilẹ̀kùn kejì.

Ní báyìí, fóònù àti ẹ̀rọ ayárabíàṣá ti ń wọ inú iṣẹ́ ìlera ní orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni yóò so ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìbéèrè tí a kọ sínú ẹ̀rọ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ohun tí ìwé kò bá béèrè, aláìsàn kò ní sọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé orí fóònù olówó gọbọi ni ìwé náà wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìtọ́jú odidi ènìyàn ni orúkọ tí a lè fún ohun tí àwọn Faransé ń pè ní médecine holistique. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹni tí inú ń run, ó ní ọkàn, ó ní ẹbí, ó ní oko tí ó ń dúró dè é, ó sì ní ohun tí ó gbàgbọ́. Ilé ìwòsàn tí ó bá ń tọ́jú odidi ènìyàn kì í wo inú rírun nìkan. Ó ń béèrè ohun tí aláìsàn ń jẹ, bí ó ti ń sùn, ẹni tí ó ń bá a gbé, ohun tí ó ń mu yàtọ̀ sí oògùn dókítà, àti ohun tí ó ń bà á lẹ́rù.

Èyí kì í ṣe ohun tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1923, ti ń ṣe é ní Aró, lẹ́bàá ìlú rẹ̀, láti ọdún 1954. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wálé, wọ́n sì fi ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé lé e lọ́wọ́. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ìbátan kan sì ń bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbé. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń bá wọn lọ sí òde. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ó bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí ó yá, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í ṣe igbákejì olùdarí àgbà. Kò sí fóònù alágbèéká nínú iṣẹ́ Aró. Ṣùgbọ́n dókítà, oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ẹbí aláìsàn wà ní ibi tí wọ́n ti lè rí ara wọn, kí wọ́n sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọn kò wà ní ojú kan. Láti Savalú dé Bantẹ̀, ó lé ní 50 kìlómítà lórí títì tí ó lọ sí Bassila àti Djougou. Pira tún wà lókè Bantẹ̀. Tchetti àti Doumè wà ní apá ibi tí oòrùn ń wọ̀, lọ́nà ààlà Togo. Ilé ìwòsàn agbègbè wà ní Savalú. Oníṣègùn tí ó mọ ewé lè wà ní abúlé kan tí ọkọ̀ kì í dé ní ìgbà òjò. Àwọn wọ̀nyí kò lè pàdé ní ojoojúmọ́. Ohun tí ó lè rìn láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀.

Títí di òní, ìwé pélébé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní carnet ni ó ń rìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òjò a máa pa á, ọmọdé a máa ya á, ẹlòmíràn a sì gbàgbé rẹ̀ sílé ní ọjọ́ tí àìsàn bá dé lójijì. Nígbà tí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn láìsí i, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kí ni orúkọ rẹ, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, oògùn wo ni o ti lò? Aláìsàn kò rántí orúkọ oògùn náà. Ó rántí àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Fóònù lè ran wá lọ́wọ́ níbí, nítorí ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ ní Bantẹ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n lè kà á ní Savalú ní ọ̀sán.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dé abúlé wa. Ó ti dé rí. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn COVID-19 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ wa, ìjọba pín àwọ̀n tí ń dènà ẹ̀fọn káàkiri orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nítorí àrùn náà, wọn kò kó èrò jọ sí ojú kan. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n kọ iye ènìyàn inú ilé àti iye àwọ̀n tí ilé náà gbà sínú rẹ̀. Ìwé ńlá tí wọ́n máa ń rù kiri tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ náà fi hàn pé òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lè lo fóònù dáadáa bí wọ́n bá kọ́ ọ.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàárín kíkà àti mímọ̀. Ètò ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ìlera wa fi ń kó ìṣirò jọ ni wọ́n ń pè ní DHIS2. Yunifásítì Oslo ní ilẹ̀ Norway ni ó dá a sílẹ̀, ó sì lé ní 70 orílẹ̀-èdè tí ó ń lò ó. Bí ibà bá pọ̀ ní Gouka ní oṣù kẹjọ, irú ètò yìí ni ó ń jẹ́ kí àwọn aláṣẹ ní Kútọnu mọ̀. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n iye ni ó ń gbé lọ: ibà mélòó, ìbímọ mélòó, ikú mélòó. Obìnrin tí ó ń mu àgbo nílé kò sí nínú iye náà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú odidi ènìyàn nílò ìwé mìíràn, ìwé tí ó ń tẹ̀ lé ènìyàn kan láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Kí ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé náà? Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ìyá kan wá láti Akpassi, ó ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn ni pé ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Nílé, ó ń fún ewúro, ó ń mu omi rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, nítorí àwọn àgbà sọ fún un pé ewúro dára fún àtọ̀gbẹ. Àwọn àgbà kò parọ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ewúro wò rí i, pàápàá lára àwọn ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, pé ó lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Oògùn mú un wálẹ̀, ewúro lè tún mú un wálẹ̀ sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè má já gaara mọ́, ó sì lè dákú. Nínú ilé, wọ́n lè sọ pé ayé ni. Wọ́n lè má rántí fún un ní omi ṣúgà.

Tàbí kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ṣúgà ti wálẹ̀, ó rò pé oògùn òun nìkan ni ó ṣe é. Ìyá náà lọ sí oko kajú fún oṣù kan, kò rí ewúro fún. Ṣúgà gòkè. Dókítà fi kún oògùn. Ìyá padà sílé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ewúro. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó ṣe ohun tí ó burú. Olúkúlùkù ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Kí ni ìdí tí ìyá náà kò fi sọ? A mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun ń mu àgbo, nọ́ọ̀sì lè bá a wí níwájú àwọn èrò tí wọ́n jókòó. Nítorí náà ó dákẹ́. Oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá lè sọ fún un pé kí ó má ṣe lo oògùn òyìnbó pọ̀ mọ́ tòun, òun náà á sì dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò lè wo irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n bí ètò orí fóònù nọ́ọ̀sì bá ní àyè kan tí a kọ ọ́ sí pé “Kí ni aláìsàn ń mu nílé? Ewé wo, láti ìgbà wo, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?”, tí kò sì ní jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọjá sí ojú ìwé tí ó kàn láìdáhùn, nígbà náà ìbéèrè náà di iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, lọ́wọ́ olùkọ́ àti lọ́wọ́ àgbẹ̀, bí ó ti ń béèrè ọjọ́ orí. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn kì í ti ẹnikẹ́ni lójú.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé a ní láti ra ẹ̀rọ ńlá kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní nǹkan bí ọdún 1989, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìwé àwọn aláìsàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland. Ẹ rántí pé ní ìgbà náà, íńtánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ohun kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ta ni ó wọlé sí ilé ìwòsàn, ta ni ó jáde, kí ni àìsàn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ètò tiwọn tí wọ́n ń pè ní MINPHIS, àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ mìíràn ní Nàìjíríà sì gbà á lò. Ọmọ ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó kọ ètò náà. Èyí ṣe pàtàkì lójú wa ju kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ mọ ohun tí ó yẹ kí ìwé béèrè, bí iná bá sì lọ tàbí bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kò ní láti dúró de àjèjì.

Kenya náà ní ohun tí ó lè kọ́ wa, ó sì rọrùn ju ti Ifẹ̀ lọ. Àwọn dókítà kan níbẹ̀ fẹ́ ran àwọn tí wọ́n ní kòkòrò àrùn éèdì lọ́wọ́ kí wọ́n má ṣe gbàgbé oògùn wọn. Wọ́n mú ènìyàn 538, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ìdajì kan ń gba ìtọ́jú bí ti tẹ́lẹ̀. Ìdajì kejì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ní èdè Swahili: “Mambo?” Bí ìgbà tí a bá ní “Ṣé àlàáfíà ni?” ni. Ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò dáhùn “Sawa”. Ẹni tí ó ní ìṣòro yóò dáhùn “Shida”. Ẹni tí ó bá sọ pé ìṣòro wà, tàbí tí kò dáhùn láàárín ọjọ́ méjì, nọ́ọ̀sì yóò pè é. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Nínú àwọn tí wọ́n ń kí, 62 nínú 100 ni wọ́n lo oògùn wọn bí ó ti yẹ. Nínú àwọn tí wọn kò kí, 50 nínú 100 ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò kọ orúkọ àrùn sínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Bí ọkọ tàbí ọmọ bá rí i, ìkíni ni yóò rí. Yorùbá mọ ohun tí ìkíni lè ṣe fún aláìsàn; kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ wa. Fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà ní Bantẹ̀ àti Savalú, ohùn ni ó yẹ kí ó dé orí fóònù, ní èdè Ìṣà, ní Maxi tàbí ní Ifẹ̀. Fóònù kékeré tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì lè gbé ohùn.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí gba kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè orúkọ ewé, tí aláìsàn sì dá a lóhùn, kí ni nọ́ọ̀sì yóò kọ? Ewé kan náà ní orúkọ kan ní Bantẹ̀, ó ní òmíràn ní Savalú. Nígbà mìíràn, orúkọ kan náà ni ewé méjì ń jẹ́. Ẹni tí ó kọ “ewé ibà” sínú ìwé kò tíì kọ nǹkan kan, nítorí ewé tí wọ́n ń lò fún ibà pọ̀. Níbí ni ojú tí fóònù ní ti wúlò. Kí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ mú ewé náà wá, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì gba ohùn ẹni tí ó pè é lórúkọ. Oníṣègùn ìbílẹ̀ tí kò mọ̀wé kà lè gbọ́ ohùn náà kí ó sì wo àwòrán náà ní abúlé rẹ̀, kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. A kò mọ ohun tí ó tún lè mú òun àti dókítà jókòó sídìí ọ̀rọ̀ kan náà kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n oníṣègùn náà yóò béèrè ìbéèrè kan, ó sì tọ̀nà: ta ni yóò ni àwòrán náà? Ta ni yóò ni ohun tí mo sọ?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba Ifá ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, ní ìgbà ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Wọ́n sọ ọ́ ní Fátúnmbí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń kọ ohun tí àwọn babaláwo sọ fún un nípa ewé. Ìwé ńlá rẹ̀ tí ó pè ní “Ewé” jáde ní ilẹ̀ Brazil ní ọdún 1995. Ìwé náà pa ọ̀pọ̀ ìmọ̀ mọ́ tí ìbá ti bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀, a sì yìn ín fún un. Bí ó ti wù kí ó rí, ọmọ babaláwo tí ó fẹ́ kà á ní láti wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun.

Ti ìdílé Ògúnyalé yàtọ̀. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run Paul Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá ní Nàìjíríà, mọ àgbo kan fún àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń fi ìrora jẹ àwọn ọmọ wa. Ìyèré, osùn, kànáfùrú àti ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó bá ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba ní Abuja ṣe àdéhùn. Àwọn onímọ̀ yẹ àgbo náà wò, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, ó sì di oògùn tí wọ́n ń pè ní Nicosan, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó gba iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀ wọ gbèsè, ó sì wó, oògùn náà sì di ọ̀wọ́n. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, àgbo lè kọjá ìdánwò ìmọ̀ bí ẹni tí ó ni ín bá gbà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, ẹni tí ó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Àṣẹ ìjọba tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2001-036, ti ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2001, sọ bí oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ àti ìwà tí ó yẹ kí ó hù. Kì í ṣe iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ mọ́. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí ó bá fẹ́ so dókítà àti oníṣègùn ìbílẹ̀ pọ̀ lórí ẹ̀rọ lè bá oníṣègùn náà kọ àdéhùn ní gbangba. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Aláìsàn nílò kí dókítà mọ ewé tí òun ń mu. Kò nílò kí gbogbo ayé mọ bí wọ́n ṣe ń po àgbo náà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó sì yẹ kí ètò orí fóònù yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àṣírí aláìsàn náà wà níbẹ̀, òun ni ó sì ń bà wá lẹ́rù jù. Nígbà tí ìwé wà nínú àpótí ní ilé ìtọ́jú Lougba, ẹni tí ó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ dé Lougba. Nígbà tí ó bá wà lórí ẹ̀rọ, ẹnìkan lè kà á láti ibikíbi. Ohun tí aláìsàn sọ ní ilé ìtọ́jú odidi ènìyàn tún jinlẹ̀ ju ti ilé ìtọ́jú yòókù lọ: ó lè sọ nípa oyún tí ó bàjẹ́, nípa ìjà òun àti orogún, nípa ohun tí babaláwo rí. Bí nọ́ọ̀sì bá ya àwòrán ọgbẹ́ aláìsàn, tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp láti béèrè ìmọ̀ràn, ó lè jẹ́ inú rere ni ó fi ṣe é. Àwòrán náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé.

Òfin wà. Òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, dá ààbò bo ọ̀rọ̀ nípa ìlera ènìyàn. Wọn kò gbọ́dọ̀ kó o jọ lásán. A ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa wa, a sì lè ní kí wọ́n tún un ṣe bí ó bá jẹ́ àṣìṣe. Àjọ tí a lè fi ẹjọ́ sùn ni APDP. Gbogbo wa mọ̀ pé a kì í sọ nọ́ńbà àṣírí MoMo fún ẹlòmíràn, àní fún ẹni tí ó ń bá wa fi owó ránṣẹ́. Irú ìṣọ́ra yẹn ni a ń wá nínú ilé ìwòsàn: kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀, kí ẹ̀rọ sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí ìwé aláìsàn sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan ti ń ronú lórí bí ìwé ṣe lè máa bá aláìsàn rìn. Dókítà Vèna Arielle Ahouansou dá ilé iṣẹ́ KEA Medicals sílẹ̀, tí ó ń fún ènìyàn ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù lè kà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, olùtọ́jú lè fi àmì náà mọ irú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà àti àìsàn tí ó ti ṣe é rí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tún ti ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún wa láti ìgbà ìkànìyàn RAVIP ní ọdún 2017 sí 2018. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ wa, a óò ní kí wọ́n fi orúkọ ewé àti àgbo kún ohun tí àmì bẹ́ẹ̀ ń sọ, lẹ́bàá irú ẹ̀jẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ owó. Ní abúlé tí iná mànàmáná kò dé, pátákó tí ń gba agbára oòrùn lè fún fóònù ní iná; oòrùn kì í wọ́n wa. Ètò orí fóònù náà gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó pa ọ̀rọ̀ mọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá dé ibi tí ó ti rí i. Ta ni yóò san owó íńtánẹ́ẹ̀tì náà lóṣooṣù? Bí a bá fi í sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì láti máa san án nínú owó oṣù rẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní pé ọdún kan. Kọmúùnù méjèèjì ni ó yẹ kí ó fi í sínú ìṣirò owó ọdọọdún wọn, bí wọ́n ti ń fi owó epo ọkọ̀ aláìsàn sí i.

Ní ti ìwé pélébé, ẹ má tíì jù ú nù. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa kọ sínú rẹ̀ síbẹ̀, nítorí òun ni aláìsàn lè mú lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí ti mọ̀wé kà báyìí. Nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ sí ilé ìtọ́jú, kí nọ́ọ̀sì tó pa ìwé náà dé, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ ka ohun tí ó kọ. Bí orúkọ ewé tí ẹ ń mu nílé kò bá sí níbẹ̀, ẹ gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé náà fúnra yín, ní èdè yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.